Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Wọ Ilé Wa: Ẹ Má Da Iyọ̀ Sí I

Òjò ti dé, ilẹ̀ ti rọ̀, gọ́tà ti kún, àwọn ẹranko kéékèèké tí wọ́n fara pamọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ń jáde. Èyí tí ó ń wọlé tọ̀ wá jù lọ nínú wọn ni ọ̀pọ̀lọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí a tan iná, a ó rí i lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nínú ilé ìwẹ̀, lábẹ́ korobá omi, nígbà mìíràn lábẹ́ ibùsùn pàápàá. Bí a bá sì ti rí i, ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe: a ó pariwo, a ó gbé ìgbálẹ̀, a ó sì sáré lọ mú iyọ̀ ní ilé ìdáná. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí gan-an ni ó mú kí a kọ̀wé lóṣù yìí.

Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọ́?” Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa dáhùn, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú ọgbà kan tí ìdílé mẹ́rin jọ ń gbé, ìyàwó ilé kan bímọ. Ní ọjọ́ kẹfà, tí wọ́n ń múra ìsọmọlórúkọ, wọ́n rí ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan lábẹ́ ibùsùn ìyá ìkókó. Ìyá àgbà tí ó ti ilé wá láti máa wẹ ọmọ figbe ta pé wọ́n ti rán nǹkan sí ọmọ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú gbogbo ènìyàn ti wà lára obìnrin tí ó ń gbé yàrá kejì, ọmọ onílẹ̀, tí kò tíì rí ọmọ bí. Bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin yìí kan náà ni ó dìde lóru tí ó gbé omi kaná nígbà tí aláboyún náà ń rọbí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé, wọn kò pè é, òun náà kò sì yọjú.

Ó gba àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìjà náà tó tán, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó parí rẹ̀. Bàbá kan nínú àwọn àgbà ni ó ní kí wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wá wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àlàfo tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn náà gba ìka mẹ́ta. Ní ìta, gílóòbù kan ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ nítorí ìkókó, èsúnsún sì ṣù mọ́ ọn, wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́rin ni ó jókòó lábẹ́ iná yìí tí wọ́n ń jẹun. Èsúnsún ni ó pè wọ́n, ilẹ̀kùn ni ó sì gbà wọ́n wọlé. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọmọ lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn baba wa sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lóru. Ìdí kan wà tí ó fi wá. Ẹni tí ó wà ní ìlú onílùú, tí ó ń gbé ọgbà kan náà pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ ìlú mìíràn, ó yẹ kí ó wá ìdí náà lábẹ́ ilẹ̀kùn kí ó tó wá a lójú aládùúgbò rẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Ọ̀pọ̀lọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù láyìíká ilé, ní Bìní níbí àti ní ilẹ̀ Yorùbá, ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. Nínú ìwé àtijọ́, Bufo regularis ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka báyọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yóò rántí, nítorí òun ni wọ́n máa ń là lórí tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Reuss, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀ ní ọdún 1833. Láti Senegal títí dé Íjíbítì, títí lọ dé Àǹgólà nísàlẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Àmì kìn-ín-ní ni awọ. Awọ ọ̀pọ̀lọ́ gbẹ, ó rí ṣágiṣàgi, ó kún fún kókó kéékèèké. Awọ àkèré ń dán, ó sì ń yọ̀. Ìkejì, ẹ wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ohun gígùn méjì tí ó wú wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àpò oró rẹ̀ nìyẹn. Àkèré kò ní in, kọ̀ǹkọ̀ kò sì ní in. Ìkẹta ni ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kúrú, ó ń rìn, ó sì ń fò díẹ̀díẹ̀. Àkèré a fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ti kọjá gọ́tà. Ìkẹrin ni àwọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí erùpẹ̀ tàbí ewé gbígbẹ, pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú káàkiri, ikùn rẹ̀ sì funfun. Abo ni ó tóbi jù: gígùn rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 13, akọ kì í sábà ju 9 lọ. Ọ̀fun akọ dúdú, ibẹ̀ ni ó sì ń fẹ́ bíi bàlúù nígbà tí ó bá ń ké pe abo lóru òjò.

Kọ̀ǹkọ̀ ni ó máa ń ru ènìyàn lójú, nítorí òun náà tóbi. Ṣùgbọ́n inú omi ni ilé tirẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ sókè lórí, awọ tín-ín-rín sì so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ní ti èyí kékeré tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀, tí orí ìka rẹ̀ rí róbótó, àkèré orí igi ni, kò ní ẹjọ́ kankan.

Dídá wọn mọ̀ yàtọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2011, àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì Èkó tẹ ìwé jáde lórí irú àkèré tí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà ń jẹ àti bí ó ṣe ń ṣe ara lóore. Ẹni tí ó bá ń jẹ kọ̀ǹkọ̀, ẹran ni ó ń jẹ. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀pọ̀lọ́ mú dípò kọ̀ǹkọ̀, oró ni ó gbé kaná. Iná kò pa oró náà, ata kò sì bò ó. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà bíi Laos àti Taiwan, àwọn ènìyàn ti kú nítorí pé wọ́n se ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ẹyin rẹ̀ jẹ. Nítorí náà, bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n máa ń lọ dẹ àkèré létí odò Ikpoba.

ORÓ RẸ̀ ÀTI Ọ̀RỌ̀ IYỌ̀

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í bu ni jẹ, kò léyín tí yóò fi bu ni jẹ. Ààbò rẹ̀ ni oje funfun bíi wàrà tí ó ń jáde láti àpò ẹ̀yìn ojú rẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, tí a lù ú, tàbí tí a fi ìyà jẹ ẹ́. Oje yìí ń da lílù ọkàn rú bí ó bá wọ inú ara. Bí ó bá kan ọwọ́ tí kò ní egbò, omi àti ọṣẹ tó; bí ó bá kan ojú, yóò ta ni gan-an, kí a fi omi mímọ́ ṣan ojú náà fún ìgbà pípẹ́, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ajá bá fi ẹnu gbé e, ẹnu ajá a máa yọ fóòmù. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí ó má bàa gbé omi náà mì, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ní ti kókó líle tí ó máa ń yọ sí ìka ọmọdé, tí a máa ń wí pé ìtọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni ó fà á, kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tí ó ń ti ara ènìyàn kan ran ẹlòmíràn ni ó ń fà á. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀lọ́ máa ń tọ̀ síni lọ́wọ́ bí a bá gbé e. Ẹ̀rù ni ó ń bà á.

Nísinsìnyí, iyọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í fi ẹnu mu omi. Awọ ikùn àti ti itan rẹ̀ ni ó fi ń fa omi, nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, nítorí náà sì ni ó ṣe ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Awọ yìí náà ni ó fi ń mí díẹ̀. Bí a bá da iyọ̀ sórí irú awọ bẹ́ẹ̀, iyọ̀ a fa omi ara rẹ̀ jáde, a sì tún wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti da iyọ̀ sí ìgbín rí mọ ohun tí a ń wí. Kì í lé ọ̀pọ̀lọ́ lọ. Ó ń pa á díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Bí ó sì ti ń jẹ ìrora, ó lè tú oje oró rẹ̀ sílẹ̀, sórí ilẹ̀ kan náà tí ọmọ wa yóò rá kòrò lé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó da iyọ̀ sí i nítorí ọmọ, ọmọ náà ni ó fi sínú ewu. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo òyìnbó, Izal, omi gbígbóná àti oògùn apakòkòrò: ẹ má da ọ̀kankan sí i.

ÌWÚLÒ RẸ̀

Èèrà, ikán, èsúnsún, aáyán, ìrẹ̀ àti ọ̀kùn ni oúnjẹ rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ so mọ́ iwájú ẹnu, kì í ṣe ẹ̀yìn bíi tiwa, nítorí náà ó lè jù ú síta kí ó fi gbé kòkòrò kí ojú tó ṣẹ́. Bí ó bá ń gbé e mì, yóò di ojú, nítorí ojú rẹ̀ ń wọ inú lọ ti oúnjẹ náà sísàlẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ kí wọ́n wò ó, ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí ikán ń bá ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ jà mọ iye tí irú òṣìṣẹ́ tí kì í gba owó oṣù yìí tó. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́: kò lè bá wa pa ẹ̀fọn tán. Ẹ má torí rẹ̀ tú àpò ẹ̀fọn yín.

Àwọn ìyá wa pàápàá ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ìwádìí Lancelot Hogben, òyìnbó kan tí ó ṣe olùkọ́ ní Cape Town, mú kí àwọn dókítà máa fi ìtọ̀ obìnrin gún àkèré inú omi kan ní abẹ́rẹ́. Bí obìnrin náà bá lóyún, àkèré a yé ẹyin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọdún 1947, dókítà Carlos Galli Mainini ní Ajẹntínà fi akọ ọ̀pọ̀lọ́ ṣe irú rẹ̀, tirẹ̀ sì yá ju ti ìṣáájú lọ. Títí di àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ aláboyún ní ayé ni ó ti ẹnu ẹranko yìí gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Ẹni tí ń kéde ọmọ ni ìyá àgbà wa fẹ́ pa nítorí ọmọ.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ RẸ̀

Bí ẹ bá rí i nínú yàrá, ẹ kó àwọn ọmọdé àti ajá kúrò lọ́nà. Ẹ pa iná yàrá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tan iná ìta. Nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ a jáde. Bí kò bá jáde, ẹ wọ ọ̀rá láílọ́ọ̀nù sọ́wọ́, ẹ fi omi tútù rẹ̀ ẹ́, kí ẹ rọra gbé e ní agbedeméjì ara, láìfún un mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a bí ìdọ̀tí. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti fọwọ́ kàn án, ẹ da bọ́ọ̀lù dé e, kí ẹ ti páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé méjèèjì jáde. Ẹ gbé e sí ibi tútù nítòsí, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì búlọ́ọ̀kù tí òòrùn kì í dé. Kí olúkúlùkù sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Bí ó bá farapa, tàbí tí ẹnìkan ti da iyọ̀ sí i kí ẹ tó dé, ẹ rọra da omi kànga tàbí omi òjò mímọ́ lé e lára kí iyọ̀ náà ṣàn kúrò. Bí omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n fi oògùn sí nìkan ni ẹ ní, ẹ bù ú kalẹ̀ láìdé e fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó fún omi tí yóò máa jókòó sí. Ní ti iyọ̀, èyíkéyìí tí ó bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bàsíà tí ó jìn, ẹ da ilẹ̀ tútù sí i, ẹ fi ewé gbígbẹ àti ìdajì ìkòkò fífọ́ sí i kí ó lè rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ omi kan sí i, omi náà kò gbọdọ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó rẹ̀ lè kú sínú omi jíjìn. Ẹ fi àwọ̀n bo ojú bàsíà náà, kí ẹ gbé e síbi òjìji.

Ẹ má fún un ní ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí ẹran. Ohun tí kò bá mira, kò ní jẹ ẹ́. Ìrẹ̀, ikán tàbí ekòló láàyè ni kí ẹ fún un ní ìrọ̀lẹ́. Aáyán tí a ti fín oògùn sí kò dára. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí i tí ó ń bọ́ awọ ara rẹ̀, tí ó sì ń jẹ ẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn. Ọjọ́ méjì mẹ́ta ti tó. Bí ó bá ti ń rìn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ ní ìrọ̀lẹ́.

IBI TÍ A TI RÍ I NI KÍ A DÁ A PADÀ SÍ

Àwọn kan máa ń di ọ̀pọ̀lọ́ sínú àpò, wọn a gbé e lọ jù sí àdúgbò mìíràn tí ó jìnnà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1935, àwọn ará Queensland ní Australia kó ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ òkèèrè wọlé kí ó lè bá wọn jẹ kòkòrò oko ìrèké. Kò jẹ kòkòrò náà tán, ṣùgbọ́n ó bí sí i, ó tàn káàkiri, oró rẹ̀ sì ń pa àwọn ẹranko ìbílẹ̀ tí wọ́n bá gbé e mì. Títí di òní wọn kò rí i kó kúrò.

Ìdí kejì ni àrùn. Àrùn awọ kan wà tí ó ń pa àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Ohun tí ó ń fà á jẹ́ ìbátan èyí tí ó máa ń bu búrẹ́dì, ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ sì fún un lórúkọ. Ní ọdún 2009 ni wọ́n kéde pé wọ́n rí i ní Nàìjíríà, ní 2011 sì ni ìwé jáde lórí bí ó ṣe wà lára àwọn àkèré igbó Okomu, ní ìpínlẹ̀ Edo wa níbí. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Bìní, tí ọgbà rẹ̀ wà ní Ugbowo níbí, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ láti odò kan dé òmíràn lè gbé àrùn náà lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ejò ni ó kù. Òótọ́ ni pé àwọn ejò kan wà tí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ oúnjẹ wọn, nítorí náà kò yẹ kí ó máa gbé yàrá pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n kí a tó bá ọ̀pọ̀lọ́ jà, ẹ jẹ́ kí á dí ilẹ̀kùn. Aṣọ àkísà tí a ká, tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi àwọ̀n irin sí ojú ihò omi ilé ìwẹ̀. Ẹ pa iná ìta nígbà tí a bá fẹ́ sùn. Ẹ kó òkìtì búlọ́ọ̀kù àti igi kúrò lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ omi tí ń jò ṣe. Bí a bá ṣe èyí, ọ̀pọ̀lọ́ yóò wà ní ìta níbi iṣẹ́ rẹ̀, àwa yóò wà nínú ilé.

A kí gbogbo ìdílé tí Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ ní àkókò òjò yìí. Ẹ kú ewu, Ọlọ́run yóò dá wọn sí. Bí ìyá àgbà bá ti ilé dé láti wá wẹ ọmọ, ẹ ka ìwé yìí fún un kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì hàn án ní abẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí àga aládùúgbò wà níwájú.